Làfún Tí Mo Bù Sínú Kílọ́ọ̀ṣì

Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba bírò yẹn lọ́wọ́ Àkíbù. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ná, kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé nítorí kí n lè ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ilẹ̀ yìí lẹ ṣe ránṣẹ́ pè mí, mo sì jẹ́ ẹ pé mò ń bọ̀, àmọ́ ẹ̀rí tẹ́ ẹ̀ ń retí kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi láyà fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Òní ni màá tú u sílẹ̀, nínú pálọ̀ Búrẹ́mọ̀, Bàbá Mùínàt, yìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tá a jọ kí tán. Bí mo bá tún gbé e mì lónìí, ilẹ̀ bàbá Àkíbù ti lọ nìyẹn, èmi náà ò sì ní pẹ́ lọ, kò wá ní sí ẹnì kan láyé tó mọ òótọ́ mọ́. Mùínàt, ọmọ mi, mo rí omi tó o gbé síwájú mi nígbà tí mo wọlé. O kúnlẹ̀, o kí mi, o ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Sàrátù, ẹ mu omi." Mo sì rí bí bàbá ẹ ṣe wò mí nígbà tí mi ò fọwọ́ kàn án. Àlejò tí kò bá mu omi onílé, wọ́n á ní nǹkan ń bẹ nínú ẹ̀. Nǹkan ń bẹ nínú mi lóòótọ́. Jẹ́ kí ife yẹn wà níbẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí mi ò fi lè mu ún kí n tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ n dìde dúró. Ẹ má bínú, mi ò lè jókòó, láti Ọjọ́rú ni ìdí mi ò ti gba ìjókòó. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo mọ̀ pé dókítà ní kí n máa sinmi nítorí àyà tó ń lù mí kìkìkì yìí. Ta ló ráyè ìsinmi? Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ lè má mọ ẹni tí Láwàl jẹ́ nígbà tí ara ẹ̀ le. Mẹkáníìkì ni mí, lójú ọ̀nà Èrúwà níbí, nídìí igi máńgòrò tí wọ́n ti gé báyìí. Láti Ìgàngàn, láti Ayétẹ̀, wọ́n máa ń wa lọ́rì wá bá mi, wọ́n á sì fo ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kílọ́ọ̀ṣì niṣẹ́ mi, èyí tí dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kó tó ki jíà. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń ṣàìsàn, mi ò tíì ní tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí màá ti dárúkọ àìsàn náà. Màá ní kí dírẹ́bà tẹná, màá dijú, màá tẹ́tí. Bí jíà bá ń ké gbàràgàdà kó tó wọlé, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ò tú tán nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń han tóóró nígbà tí ẹsẹ̀ bá kàn án, bíárìnnì ti gbẹ. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò lọ, tí òórùn bí irun jíjó sì gba inú ọkọ̀ kan, pẹlẹ́ẹ̀tì ló ń yọ̀ yẹn, kò di ẹ́ńjìnnì mú mọ́. Wọ́n sọ mí ní Elétí Kílọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ń lọ lójú títì, àwọn dírẹ́bà á máa kígbe ẹ̀, "Elétí Kílọ́ọ̀ṣì o!" Inú mi á dùn, màá sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Orúkọ yẹn ló kó bá mi. Rárá, irọ́ ni mo tún fẹ́ pa yẹn. Orúkọ kì í kó báni. Èmi ni mo fi orúkọ kó bá ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1987 ni, nígbà tí iṣu tuntun ń wọ̀lú. Lọ́rì kan wà tí wọ́n kọ "Sùúrù Lérè" síwájú ẹ̀. Bàbá Fọlábí ló ni ín, oníṣòwò iṣu, ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jì í. Àkíbù yìí ló ń wà á. Èmi àti Àkíbù, ilé kéú kan náà la ti jọ jẹ pàṣán. Òun lọ kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà, èmi lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, a sì búra fúnra wa pé òun ò ní gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì mìíràn títí ayé. Bí mo bá ti ní "Ó ti dáa," ó ti dáa nìyẹn lójú Àkíbù, kò tún bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó gbé Sùúrù Lérè wá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Láwàl, ọkọ̀ yìí ń fi mí ṣeré. Mo tẹná mọ́ ọn, ó ń bú ramúramù, kò sì lọ. Pàápàá bí mo bá ru ẹrù gun òkè." Mo bi í pé ṣé ó ń rùn. Ó ní ó ń rùn gan-an ni. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ bi dírẹ́bà, mo ní, "Ẹsẹ̀ òsì ẹ ń kọ́? Ṣé o kì í gbé e lé kílọ́ọ̀ṣì bó o bá ń sáré lọ?" Nítorí dírẹ́bà tó bá ń sinmi ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀ ni yóò jó pẹlẹ́ẹ̀tì tán. Àkíbù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi? Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀ gbọnrangandan, Láwàl. Ọ̀gá mi ìbá ti gé e." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn o. Èmi náà fi sọ́kàn nígbà náà, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo tún ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀ tò, ó dáa fún ọjọ́ méjì, ó tún padà síbi tó wà. Mo sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, mo fi pẹlẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó dáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ni Bàbá Fọlábí bá gbé ọkọ̀ lọ sí Èrúwà láìsọ fún mi, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrósinmí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Wọ́n ní ńṣe ló kàn ki ìka bọ abẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó fa ìka yọ, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Ọ́ìlì rèé. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti já. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ pẹlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọ́ìlì á tún bà á jẹ́." Bàbá Fọlábí bá padà wá sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀, nídìí máńgòrò níbi tí gbogbo dírẹ́bà jókòó sí ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi gbóná bí ẹni tí wọ́n ta omi gbígbóná sí. Mo ní, "Ta ni Dúrósinmí? Kí ló mọ̀? Ṣé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní kílọ́ọ̀ṣì?" Mo bú u dé ìdí ìran ẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣe rọ́bà. Bàbá Fọlábí wò mí, ó ní, "Ó dáa, Láwàl. Ọ̀túnla lọjà Èrúwà. Ṣé ìwọ lo máa ṣe é, àbí kí n gbé e padà fún un?" Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Kó tó di àárọ̀ ọjà, ó ti dáa."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ṣí ìdérí kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kílọ́ọ̀ṣì, mo yọjú wò ó. Ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó. Ibi tí Dúrósinmí wí gẹ́lẹ́ ni. Ẹ ò rí i pé mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀? Mo mọ̀. Ọjọ́ kan péré ni ì bá gbà mí kí n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kí n fi rọ́bà tuntun sí i. Rọ́bà náà gan-an wà nínú àpótí mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ nídìí máńgòrò, lójú gbogbo ayé, wọ́n á rí ohun tí mò ń pààrọ̀, wọ́n á sì mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbọ́n jù mí lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ni mo sá fún. Mo jókòó sábẹ́ ọkọ̀ yẹn, mo ń ronú bí màá ṣe dọ́gbọ́n sí i, gbogbo ọjọ́ kejì ni mo sì fi ń tan Bàbá Fọlábí pé iṣẹ́ ń lọ.

Ọgbọ́n kan wà tí àwa mẹkáníìkì àtijọ́ mọ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀ lójú ọ̀nà tí ilé ṣì jìnnà, wọ́n máa ń bu yanrìn tó kúnná sí i, kó lè rí nǹkan dì mú títí ọkọ̀ á fi délé. Ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n ń ṣe é fún o, kì í ṣe ọkọ̀ tó ru ẹrù. Èmi ti wá rí i pé yanrìn ń họ irin, àmọ́ làfún kì í họ nǹkan kan, ńṣe ló ń mu ọ́ìlì. Ọmọ Ìbàràpá ni wá, kí ló tún kù tí a ò lè fi làfún ṣe? Nígbà tó di àárọ̀ ọjà, Hàlímọ̀ dé pẹ̀lú àpò làfún ẹ̀ mẹ́rin, ó ń dúró de Sùúrù Lérè tó máa gbé e lọ sí Èrúwà. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Mùínàt. Ìyàwó yín ni. Ọmọ Láńlátẹ̀, tí làfún ẹ̀ máa ń funfun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà á fi máa bi í bóyá ó fi ẹfun sí i. Mo ní, "Ìyá Mùínàt, bù mí ní làfún díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Sàrátù, ṣé ẹ fẹ́ ro ó fún ẹ́ńjìnnì ni? Kí ni yóò fi jẹ ẹ́, ìlasà tàbí ọbẹ̀ ata?" Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò kan, ó bu abọ́ méjì fún mi, ó tún fi ọwọ́ lé e. Èmi wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì bu gbogbo ẹ̀ sínú kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jókòó, Bàbá Mùínàt. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó. Mi ò tíì débi tó burú. Bí mo bá parí, kẹ́ ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín, mi ò ní sá, ẹsẹ̀ wo ni mo tilẹ̀ fẹ́ fi sá? Bàbá Fọlábí dé, mo ní kí Àkíbù wá dán an wò lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń dán kílọ́ọ̀ṣì wò nìyí: fa búréèkì ọwọ́ sókè, ki jíà kẹta bọ̀ ọ́, tẹná díẹ̀, kó o wá tú ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kílọ́ọ̀ṣì dì í mú nìyẹn, ara ẹ̀ le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń yọ̀ nìyẹn. Àkíbù tú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú pì. Àwọn dírẹ́bà pàtẹ́wọ́. Bàbá Fọlábí fúnra ẹ̀ ní, "Elétí Kílọ́ọ̀ṣì! Màá sọ fún Dúrósinmí." Àkíbù yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé kí n ru ẹrù?" Mo gbọ́ ọ. Àyè wà fún mi láti sọ pé rárá. Ká ní mo sọ pé "Wà á ní òfìfo lọ ná," kò sẹ́ni tí ì bá bi mí léèrè. Mo wo ojú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, mo ní, "Rù ú."

Wọ́n di iṣu kún un dé òkè, wọ́n kó làfún lé e. Hàlímọ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkíbù, àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Ó juwọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń lọ. Ara mi ò gbà á. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo gbé sípánà, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá mo so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì mi, mo gùn ún, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe. Mo mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì yóò gbóná, mo fẹ́ lè bomi lù ú bó bá jó. Ẹ ò rí i báyìí pé ẹni tó gbé omi dání mọ̀ pé iná ń bọ̀? Mo bá wọn nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé òkè tó wà kéèyàn tó wọ Èrúwà. Atẹ́gùn gbé òórùn kan wá pàdé mi, òórùn làfún tó jóná sídìí ìkòkò. Mo lè ya wọ́n sílẹ̀, kí n fọwọ́ dá wọn dúró ní ìsàlẹ̀ òkè. Máṣíìnì mi yá ju lọ́rì lọ. Àmọ́ bí mo bá dá wọn dúró síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ta ló wà nítòsí? Ti Dúrósinmí ni. Òun ni Àkíbù á sáré lọ pè. Mo dín iná máṣíìnì kù, mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gun òkè yẹn já. Wọ́n gùn ún dé ìdajì. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké, tó ń ké, ọkọ̀ sì dúró. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Mo rí i bí Àkíbù ṣe ń bá búréèkì jà, ẹrù ti pọ̀ jù fún un. Lọ́rì náà fẹ̀yìn rìn, ó yà kúrò lọ́nà, ó wọ inú kòtò, ó sì dẹ̀gbẹ́ lulẹ̀, iṣu fọ́n káàkiri bí òkúta.

Ibi tí mo ń bẹ̀rù láti dé nìyí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Kò sí nǹkan kan, àyà mi ni. Àkíbù rápálá jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ẹ̀, egungun èjìká ẹ̀ ti ṣẹ́, kò sì dúró wo ara ẹ̀. Ó rí mi, ó ní, "Láwàl, Ọlọ́run ló rán ẹ. Dúró ti Ìyá Mùínàt, jẹ́ n lọ wá ọkọ̀!" Ló bá sáré gun òkè lọ pẹ̀lú èjìká tó ti ṣẹ́. Ó ku èmi àti Hàlímọ̀. Irin ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbàdí, ojú ẹ̀ là, ó mọ̀ mí. Làfún ti da bò ó láti orí délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sàrátù, omi." Mo sáré lọ tú kẹ́ẹ̀gì. Mo gbé e, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ pé mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni. Abẹ́ ọkọ̀ ló kọjú sí mi. Mo rí i. Làfún tó ti di ògì ń ṣàn jáde nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó funfun kedere lára irin dúdú. Ẹnikẹ́ni tó bá dé yóò rí i. Ọlọ́pàá á rí i. Dúrósinmí á rí i. Mo dúró sáàárín obìnrin yẹn àti ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi." Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ṣí ìdérí yẹn, mo da omi sí i, mo ń fi ọwọ́ họ ọ́, mo ń dà á, mo ń họ ọ́, títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Kò ṣẹ́ ku èyí tó lè rin ahọ́n ẹyẹ. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi, ohùn náà ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sàrátù, ṣé làfún mi lẹ̀ ń fọ̀ yẹn?" Kò pariwo. Kò ṣépè. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí Àkíbù fi máa gbé ọkọ̀ dé, ó ti dákẹ́.

Mo ti sọ fún ara mi lọ́nà ẹgbẹ̀rún pé omi ò lè gbà á là. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò da omi yẹn sílẹ̀ nítorí pé kò lè gbà á là. Mo dà á sílẹ̀ kí n má baà tijú ni. Ẹ jẹ́ kó yé yín bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kankan má bá mi wá àwáwí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ wo Àkíbù ní ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni, "Láwàl, kí ló ṣe kílọ́ọ̀ṣì?" Ojú tó fi wò mí, ojú ọmọ kéú tí mo mọ̀ láti kékeré ni. Mo ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹsẹ̀ òsì ẹ ló wà lórí ẹ̀, Àkíbù. O gbàgbé ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, o jó o." Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀." Mo ní, "Ìwọ àti Ìyá Mùínàt ń tàkúrọ̀sọ, àbí ẹ ò sọ̀rọ̀?" Ó ní wọ́n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ibi tó o ti gbàgbé ẹsẹ̀ nìyẹn." Ó wo òrùlé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ gbọ́ mi o! Kò jiyàn! Ká ní ó jiyàn, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́. Ohun tí mo sọ fún un ni mo sọ fún ọlọ́pàá, òun náà ni mo sọ ní kóòtù, wọ́n sì gbà mí gbọ́, ta ló tún mọ kílọ́ọ̀ṣì jù mí lọ? Dúrósinmí wá wo ọkọ̀, ó ní rọ́bà ti já gẹ́gẹ́ bí òun ṣe wí. Mo ní ìjàǹbá ló já a. Ó wò mí títí, ó gbọn orí, ó lọ. Wọ́n rán Àkíbù lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rìnlá.

Láti ìgbà tó ti jáde, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń gbé. Kò fọwọ́ kan sítíárìn mọ́. Ó lọ ń ro oko bàbá ẹ̀ lọ́nà Ayétẹ̀. Gbogbo Iléyá ló ń gbé ẹsẹ̀ àgbò wá sí ilé yìí, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mùínàt, tí Bàbá Mùínàt á sì dá a lóhùn látinú yàrá láìjáde. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà lóko, tó bá jókòó, a máa fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ òsì ẹ̀, gbà, gbà, bí ẹní ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Èmi ń kọ́? Iṣẹ́ ń ya wá bá mi. Làfún nìkan ni mi ò lè jẹ mọ́. Ọmọ Igbó-Ọrà tí kì í jẹ làfún, èèmọ̀ rèé! Ìyàwó mi ní ọgbẹ́ inú ni, ó ń se ògì fún mi lọ́dún kẹsàn-án yìí. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Àkíbù wá kí mi nítorí àìsàn yìí. Ó ní òun ti pinnu láti gbé ilẹ̀ oko òun fún àwọn ọmọ Hàlímọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, kí ọkàn òun lè balẹ̀ kóun tó kú, ó sì fẹ́ kí n jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ní, "Kí làwọn ọmọ tìẹ máa jẹ?" Ó ní Ọlọ́run á bọ́ wọn. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Láwàl, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi. Ká ní o ò sọ ọ́ ni, ǹ bá máa tan ara mi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè jókòó.

Àkíbù, wò mí. Má wo ilẹ̀, èmi ni kó o wò. Ẹsẹ̀ ẹ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbọnrangandan, bó o ṣe wí. O ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Ya ìwé yẹn, kó o padà sóko ẹ. Bí ilẹ̀ bá máa kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún àwọn ọmọ Hàlímọ̀, ilẹ̀ tèmi ni, ilé tèmi ni, Àlùfáà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n fọwọ́ sí i. Bí ọlọ́pàá bá máa wá, kí wọ́n wá. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín. Bí ẹnìkejì yín bá sọ ibi tó ń jò, ẹ lọ wo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ẹ sọ pé ibẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí ìtìjú ọjọ́ kan pa rí, mo ti rí ohun tó ń pààyàn. Bàbá Mùínàt, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ irú èyí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má gbé mi dìde. Nítorí Ọlọ́run, ẹ forí jì mí. Mi ò lè mu omi nílé yìí láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n mu ún. Bẹ́ ẹ bá ní kí n má mu ún, mo gbà.

Mùínàt, kí lò ń wá síbí? Má sunkún, ọmọ mi, tàbí kó o sun ún, ta ni mo jẹ́ tí màá ní kó o má sun ún. Ṣé omi lo fẹ́ gbé kúrò? Gbé e. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́, mi ò bínú. Ibo lò ń gbé e lọ? Há. Há, Mùínàt. Àkíbù, ọmọ Hàlímọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹ. Gba ife lọ́wọ́ ẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mu ún, ọ̀rẹ́ mi. Mu ún tán.